Ṣọ́ọ̀bù Goodwill ní Houston, lójú ọmọ oníbọ̀síkọ́nà

Bí ẹnikẹ́ni láti Ògbómọ̀ṣọ́ bá ń lọ kí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó sì bi mí pé níbo ni kí òun ti ra aṣọ tí òun yóò máa wọ̀ lọ́hùn-ún, n kò ní í darí rẹ̀ sí àwọn ilé ìtajà ńláńlá tí iná wọn ń kọ yẹ̀rì. Goodwill ni n óò ní kí ó lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti ohun èlò àlòkù tí àwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀bùn. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tí ó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, ni mo ti mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí, mo sì ti wọ̀ wọ́n léraléra débi pé mo lè sọ ohun tí ó dára nínú wọn àti ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó láìfi epo bọ iyọ̀.

Mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bọ̀síkọ́nà ni ìyá mi tà ní ọjà Wàásó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń mọ aṣọ tí ó ti gbó yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tí ó ni ín kàn wọ̀ fẹ́rẹ́. A ó na ọrùn aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀, a ó fọwọ́ ra abẹ́ apá rẹ̀, a ó yí i sódì wo ojú rírán, a ó sì fa sípù rẹ̀ sókè sódò kí a tó fọhùn nípa owó. Nígbà tí bélì bá ti Kàtángúà ní Èkó dé, tí wọ́n sì já a, ẹni tí ojú rẹ̀ bá mọ aṣọ ni ó ń kó gírédì wáànù lọ. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí aṣọ òkìríkà wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ n kò tíì dé ọjà ìlú Yorùbá kan tí n kò ti rí i, nítorí ọ̀nà Kútọnu kò dí. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni ibi tí àwọn aṣọ náà ti ń ṣẹ̀ wá, irú ẹni tí ó ń bọ́ wọn sílẹ̀, àti ohun tí ó mú un bọ́ wọn.

Ọdún 1902 ni wọ́n dá Goodwill sílẹ̀ ní ìlú Boston. Àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan, Edgar J. Helms, tí ó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tálákà àti àwọn àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilẹ̀ òkèèrè, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbé àpò lọ sí àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀, ó ń gba aṣọ àti ohun èlò ilé tí wọn kò lò mọ́, lẹ́yìn náà ni ó ń gba àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti fọ̀ wọ́n, láti lẹ̀ wọ́n, láti kan ẹsẹ̀ àga tí ó yọ, kí wọ́n sì tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Owó tí ó bá wọlé ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ jẹun kò ní í tijú bí ẹni tí a fún ní sàráà. Irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé láti 1855 tí T. J. Bowen ti dé ìlú wa ni àwọn Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà ti ń wàásù, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn láàárín wa. Lónìí, ẹgbẹ́ bí 150, tí olúkúlùkù wọn ní agbègbè tirẹ̀, ni ó para pọ̀ jẹ́ Goodwill, ṣọ́ọ̀bù wọn sì lé ní 3,000. Ìdí nìyí tí iye tí wọ́n ń ta ọjà ní Houston kò fi ní í bá ti Boston tàbí ti Chicago dọ́gba. Wọn kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí ń pín èrè fún olówó kankan. Ohun tí wọ́n bá pa ni wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń bá ènìyàn wáṣẹ́.

Kí a tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀bùn. Mọ́tò á rọra yí wọlé bí ìgbà tí a bá fẹ́ ra epo, òṣìṣẹ́ kan á ti kẹ̀kẹ́ ńlá jáde, yóò ṣí bùútù, yóò kó àwọn àpò dúdú inú rẹ̀, yóò sì bi ẹni tí ó wà nídìí mọ́tò bóyá ó fẹ́ rìsíìtì. Rìsíìtì náà wúlò fún ẹni tí ó bá ń to ẹ̀bùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé owó orí, nítorí pé ìjọba Amẹ́ríkà yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba orí lórí rẹ̀. Nítorí náà ni èrò ṣe máa ń pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí oṣù Kejìlá bá ń parí lọ. Mo dúró wò wọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò wẹ̀yìn wo ohun tí wọ́n kó sílẹ̀. Ilé wọn ti kún, wọ́n sì fẹ́ àyè. Lójú èmi tí mo dàgbà sídìí aṣọ tí a ń lẹ̀ tí a ń tún lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí, ó sì tún bà mí nínú jẹ́ díẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ètò wà. Aṣọ ọkùnrin wà lọ́tọ̀, ti obìnrin wà lọ́tọ̀, ti ọmọdé wà lọ́tọ̀, wọ́n sì fi háńgà kọ́ gbogbo wọn sórí irin gígùn, àwọ̀ pẹ̀lú àwọ̀, débi pé ẹni tí ó ń wá aṣọ funfun kò ní láti tú ilé. Ìwé iye owó tí wọ́n so mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọ̀ kan ni ó sì máa ń já wálẹ̀ sí ìdajì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bí ó bá kan àwọ̀ ewé lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ lè kan pupa. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ògiri, ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wọn dáadáa náà sì lè fojú rí i. Pólò dáadáa kan máa ń wà ní nǹkan bí dọ́là 4 tàbí 5 lákòókò tí mo wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà rántí pé owó tí a kọ sára ọjà kọ́ ni owó tí ẹ máa san, nítorí pé wọn yóò fi owó orí ọjà lé e nídìí káńtà, ó sì jẹ́ ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún ní Houston.

Wọn kì í ná ọjà níbẹ̀ rárá. Mo gbé bàtà aláwọ kan, mo rí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ti họ, mo sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń gbowó láti béèrè jálẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi ti mọ̀ mí, ó rọra di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná an o. Iye tí wọ́n kọ sí i náà ni." Mo ní, "Gìgísẹ̀ rẹ̀ tí ó họ yìí ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un, mà, kí ẹ mú òmíràn." Ó dùn mọ́ mi nínú pé olówó àti tálákà ń san iye kan náà, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ó wà nínú mi kò gbà títí di òní pé àbùkù ara ọjà kò gbọdọ̀ dín owó rẹ̀ kù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kọjá owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń gbé ayé wọn lójoojúmọ́, kí ó lọ ka àwọn pólò tí wọ́n kó sílẹ̀ ní Goodwill, nítorí pé wọ́n máa ń tẹ aṣọ fún ohun gbogbo. Bí ìjọ kan bá lọ pàgọ́, wọ́n tẹ aṣọ. Bí ilé iṣẹ́ kan bá pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n tẹ aṣọ. Àwọn tí wọ́n jọ sáré kìlómítà 5 láti fi wá owó fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmú ní pólò aláwọ̀ osùn tiwọn. Àwọn ọmọdé tí ń gbá béísíbọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ Little League, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Williamsport, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní 1939, ní tiwọn. Bí ẹ bá yí aṣọ wọn sẹ́yìn, ẹ óò rí orúkọ oníṣègùn eyín tàbí ti oníṣòwò àdúgbò tí ó san owó aṣọ náà. Mo fẹ́ràn èyí gidigidi. Ó jẹ́ kí n mọ̀ pé orílẹ̀-èdè tí a ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ dà bí ẹni tí ń dá gbé, ṣì ní àdúgbò nínú, ó sì ní ẹni tí ó ń náwó sórí ọmọ ọlọ́mọ.

Pólò kan wà tí mo dì mú fún ìgbà pípẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò tí ó ti ń ṣá, wọ́n ya igi ńlá kan sí àyà rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ìdílé kan àti ọdún sábẹ́ igi náà. Lẹ́yìn aṣọ ni wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ baba ńlá ìdílé náà sí láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn, wọ́n sì fi àgbélébùú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n ti kú. Ìpàdé ẹbí ni wọ́n rán an fún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn ìdílé púpọ̀, pàápàá jù lọ àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú, máa ń ti ìpínlẹ̀ gbogbo kóra jọ, wọn á dáná ẹran sí gbangba, wọn á sì wọ aṣọ kan náà ya fọ́tò. Aṣọ ẹbí ni, bí a ti ń dá a fún òkú àgbà àti fún ìgbéyàwó nílé wa gan-an, àyàfi pé àwa kì í kọ orúkọ sára tiwa. Ọrùn rẹ̀ kò fẹ̀, abẹ́ apá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tí ó ni ín kò lè wọ̀ ọ́ ju ọjọ́ ìpàdé náà lọ. Mo rà á, n kò sì lè sọ ìdí tí mo fi rà á ju pé n kò fẹ́ kí orúkọ àwọn òkú náà já sínú bélì.

Ti Texas tún dá yàtọ̀. Àwọn bàtà búùtù káòbọ́ì tí ẹnu wọn ṣóńṣó kún orí pákó, púpọ̀ nínú wọn ni ẹni tí ó rà wọ́n nítorí ayẹyẹ ńlá ẹran ọ̀sìn àti rodeo (ìdíje gígun ẹṣin àti akọ màlúù) ti Houston, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1932, ti tún gbé sílẹ̀ nígbà tí ayẹyẹ parí. Pólò ẹgbẹ́ Astros, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ béísíbọ́ọ̀lù ní 2017 àti 2022, kò lóǹkà. Àwọn aṣọ àríyá gígùn tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀ lọ sí ijó àṣekágbá ilé ìwé girama ń tàn yinrin lórí irin, mo sì rí ọ̀kan tí pínnì tí wọ́n fi mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú ṣì wà lára rẹ̀. Bí oṣù Kẹwàá bá sì dé, gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù di ti Halloween, àwọn òbí á máa wá aṣọ tí ọmọ wọn yóò fi ṣe ajá, iwin tàbí ọba ní alẹ́ ọjọ́ 31.

Mo tún mọ ìdí ohun kan tí ó ti máa ń yà mí lẹ́nu ní Wàásó. A máa ń rí aṣọ tí ó kéde pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan (irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré) gba ife-ẹ̀yẹ ọdún kan, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì mọ́ ọn lára, tí kò sì sí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ rí. Ohun tí ó fà á ni pé kí wọ́n tó gbá àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl ni wọ́n ti máa ń tẹ aṣọ ìṣẹ́gun fún ẹgbẹ́ méjèèjì, kí èyí tí ó bá borí lè wọ tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ tí ó fìdí rẹmi kò ṣeé tà ní Amẹ́ríkà. Àjọ NFL tí ó ń darí ìdíje náà a sì fi í fún ẹgbẹ́ aláàánú, World Vision fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà Good360 láti 2015, kí wọ́n kó o lọ fún àwọn aláìní ní òkè òkun. Ní oṣù Kejì 2008, New England Patriots tí kò tíì pàdánù ìdíje kankan lọ́dún náà wọ pápá pẹ̀lú New York Giants, Giants sì borí pẹ̀lú 17 sí 14; aṣọ ìṣẹ́gun Patriots ti wà nílẹ̀. N kò rí i gẹ́gẹ́ bí ohun ìtìjú fún àwa tí a ń wọ irú rẹ̀. Aṣọ tuntun ni, òwú rẹ̀ sì dára.

Wàyí o, àríwísí mi. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ra ọjà láti tún un tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn tí ó fẹ́ wọ aṣọ lọ. Ẹ óò rí wọn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń ya àwòrán àmì ọrùn aṣọ láti mọ iye tí ó ń lọ. Ní ìdí jíìnsì, wọ́n ń wo àmì pupa kékeré ẹ̀bá àpò ẹ̀yìn Levi's: bí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo orúkọ náà, títí kan E, ó fi hàn pé ó ti wà ṣáájú 1971, ọlọ́jà àtijọ́ yóò sì san owó gidi lé e lórí. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, n kò sì bá wọn jà, nítorí pé òwò náà ni ìyá mi fi rán mi níwèé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ń mọ iye ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Goodwill ti ní ibi ìta-ọjà tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ShopGoodwill, láti 1999, níbi tí wọ́n ti ń gbé àwọn ohun tí ó níye lórí jù sí gbàǹjo. Èyí túmọ̀ sí pé kóòtù aláwọ gidi tàbí ẹ̀gbà ọrùn wúrà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé orí irin mọ́. Owó náà ń lọ sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó wá ra kóòtù tí yóò wọ̀ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ni Helms ní lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa rántí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó dùn mí ju ti owó ọjà lọ. Òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti 1938 ní àyè kan nínú tí ó jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ tí ó gba ìwé àṣẹ lè san owó tí ó kéré sí iye tí òfin fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ó ní àléébù ara, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tí ó para pọ̀ jẹ́ Goodwill sì ti lo àyè náà. Ilé tí wọ́n kọ́ lórí ìpìlẹ̀ pé iṣẹ́ ni iyì ènìyàn kò yẹ kí ó wá irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ti ṣọ́ọ̀bù, tàbí tí ó bá ní sùúrù, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní outlet. Ibẹ̀ ni ọjà tí kò tà ń lọ. Wọ́n máa ń kó gbogbo rẹ̀ dà sínú àwọn àpótí gbọọrọ alẹ́sẹ̀ táyà, aṣọ, bàtà, ìwé àti ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n tà ní pọ́n-ùn, tí ọ̀kan rẹ̀ kò tó ààbọ̀ kílò. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó àpótí tuntun wọlé, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun títí tí àpótí tí ó kẹ́yìn yóò fi dúró, tí òṣìṣẹ́ yóò sì fún wọn láṣẹ. Àwọn kan wọ ìbọ̀wọ́, àwọn kan di aṣọ mọ́ imú. Lẹ́yìn àṣẹ náà, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, mo ń fi ìka mọ òwú yàtọ̀ sí rọ́bà láìwò ó. Ìyá àgbà ọmọ Mexico kan tí ó dúró tì mí rí i pé aṣọ ọmọdé ni mo ń ṣà, ó sì ń ju àwọn tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ sọ́dọ̀ mi. A kò gbọ́ èdè ara wa. Nígbà tí mo rí aṣọ ìdáná kan tí ó ní òdòdó, mo fi lé e lọ́wọ́.

Èyí tí outlet náà kò bá tà ni ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń ra aṣọ lódidi. Wọ́n á gé òmíràn ṣe àkísà inúlé iṣẹ́, wọ́n á di èyí tí ó dára sí bélì tí ó máa ń wọ̀n tó kílò 45 sí 55, wọ́n á sì fi ọkọ̀ òkun gbé e. Nítorí náà, kí aṣọ kan tó dé Wàásó, ojú tí ó ti kọ̀ ọ́ kò kéré. Ọ̀wọ̀ mi fún àwọn ìyá oníbọ̀síkọ́nà wa pọ̀ sí i lẹ́yìn tí mo mọ èyí, nítorí pé nínú ohun tí gbogbo wọn ti ṣà kù ni wọ́n ti ń rí aṣọ iléèwé, aṣọ ọ́fíìsì àti aṣọ ọdún fún ìlú.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ má ra ohun abánáṣiṣẹ́ láti gbé bọ̀ wálé. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, tiwa jẹ́ 230 sí 240, áyọ́ọ̀nù tí ẹ bá kì bọ iná Ògbómọ̀ṣọ́ yóò jó láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ lò ó lọ́hùn-ún, ẹ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní ilé ìtajà ohun àlòkù mìíràn tí kì í ṣe Goodwill, tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀, mo ra áyọ́ọ̀nù kan tí kò gbóná nígbà tí mo dé ilé, wọ́n sì kọ̀ láti gbà á padà. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, kí ẹ lè wọn òmíràn lé e lórí bí kò bá sí yàrá ìwọṣọ. Ẹni tí ó ń lọ sí Chicago nígbà òtútù, kí ó dúró di ìgbà tí ó bá débẹ̀ kí ó tó ra kóòtù, nítorí ìlú olóoru ni Houston, kóòtù tí ó nípọn kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àwo tánganran, ìkòkò onírin àti ìwé ọmọdé ni wọ́n dára jù lẹ́yìn aṣọ, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò sì gbà ju kílò 23 lọ nínú báàgì kan. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ gbogbo kí ẹ tó dì wọ́n, kí ẹ sì fi àwọn pólò wé àwo.